Síkà ní Òkè-Àdó

Nígbà tí Ṣíjúadé kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ fún mi,
mo ní, "Ta ló ṣìkà? Ta ló ṣìkà sí?"
Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀.
Síkà ni, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìkà.
Ijó ni. Àwọn ará erékùṣù kan ló dá a sílẹ̀,
ó wọkọ̀ òkun, ó kárí ayé,
ó wá bá wa ní yàrá kan
lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé Láníyọnu,
níbi tí òórùn yíǹkì ti ń bá òógùn du àyè.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí.
Ẹ̀rọ fótókọ́pì ni mo ń tún ṣe ní Sángo.
Orúnkún mi òsì ń ké bí ilẹ̀kùn tó ń bẹ̀bẹ̀ epo.
Owó iṣẹ́ ni mo wá gbà níbẹ̀.
Owó kò sí nílé; orin ló wà nílé.

"Ẹ gbé orúnkún sókè," ni Ṣíjúadé wí,
"kí apá máa lọ, kí apá máa bọ̀,
bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn Òkè Mápó
tí kò kúrò lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́."
Mo gbé e. Mo gbé e tì.
Ijó tí bàbá mi kọ́ mi, ilẹ̀ ló ń wò:
ìdí á lọ sílẹ̀, èjìká á máa sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
ẹsẹ̀ á tẹ ibi tí ìlù bá tẹ̀.
Gìtá yìí ń fò bí ọmọ tí ń fo gọ́tà:
á balẹ̀ sí òdìkejì,
èmi á já sínú omi.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko
ni àwọn ọmọ tí mo lè bí ń pàtẹ́wọ́ fún mi
bí a ti ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, ìdánwò ku ọ̀la,
àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì tò dé ìdí igi máńgòrò.
Ẹ̀rọ àgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ń ṣiṣẹ́,
ìmọ́lẹ̀ ń lọ, bébà ń bọ́:
ṣì, ká. Ṣì, ká. Ṣì, ká.
Mo dúró.
Ṣì ni ìmọ́lẹ̀. Ká ni bébà.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń wo ìmọ́lẹ̀,
n kò gbọ́ bébà rí.
Orúnkún mi gbéra fúnra rẹ̀.
Ọmọbìnrin kan ní, "Bàbá, ṣé iná gbé yín ni?"

Ti pọ́ńkì kò ní olùkọ́.
Láníyọnu kàn fi igi lu irin lẹ́ẹ̀mẹrin,
gbogbo ilé sì dàrú:
èjìká sí èjìká, ìgbọ̀nwọ́ sí ìhà,
ọmọ kan ń pariwo nípa owó ilé
àti omi ẹ̀rọ tí kò yọ láti oṣù Ẹrẹ́nà.
Mo rò pé ìjà ni. Mo ń wá ọ̀nà ilẹ̀kùn
ni mo bá ṣubú.
Kí ara mi tó kan ilẹ̀ tán,
ọwọ́ mẹ́fà ti wà lábíyá mi,
ẹnìkan na awò ojú mi sókè orí èrò,
ó ń ké pé, "Ta ló ni ojú yìí o? Ta ló ni ojú?"
Èmi tí mo ti ṣubú rí ní Dùgbẹ̀, lọ́sàn-án gangan,
tí gbogbo ènìyàn yà fún mi bí ẹni yà fún ẹrẹ̀.

Mo délé ní aago mẹ́wàá. Iná kò sí.
Mo rò pé Ìbídùnní ti sùn.
Mo dúró ní kọ́rídọ̀ láìwọ bàtà,
mo ń fẹnu sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: ṣì, ká, ṣì, ká,
orúnkún ń lọ, apá ń bọ̀.
Tọ́ọ̀ṣì tàn láti ẹnu ọ̀nà yàrá.
Kò bèèrè ibi tí mo ti ń bọ̀.
Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi,
ó ní, "Ti ọ̀tún ń pẹ́."
Ó gbé tọ́ọ̀ṣì kalẹ̀,
ó tún ìró rẹ̀ fún mọ́dìí.